Láti Orí Igbà dé Háánẹ́ẹ̀sì: Ìtàn Ohun Èlò Tí Ń Gba Òṣìṣẹ́ Lọ́wọ́ Ìjábọ́

Ewu ìjábọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sínú iṣẹ́ ọwọ́. Láti ìgbà tí ènìyàn ti ń kọ ẹyìn, tí ó ń bo òrùlé, tí ó sì ń mọ ògiri tó ga ju orí rẹ̀ lọ ni ó ti ń já bọ́, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń wá ohun tí yóò gbà á sílẹ̀. Àwọn ohun tí ó rí pín sí oríṣi mẹ́ta. Èkíní ni ohun tí kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ dé etí ibi tí ó ti lè já bọ́ rárá, irú bí irin ìdábùú tí a fi yí etí òrùlé ká. Èkejì ni ohun tí ó ń di òṣìṣẹ́ mú sójú kan kí ó lè fi ọwọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́, ẹ̀kẹta sì ni ohun tí ó ń hán an lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti yẹ̀. Kò yẹ kí a fi èkejì pe ẹ̀kẹta, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ohun tí a ṣe láti di ènìyàn mú hán ènìyàn, ohun náà gan-an ni ó sì ń ṣe é léṣe.

Àwọn Yorùbá mọ oríṣi kejì yìí dunjú kí ilé alájà púpọ̀ tó dé, nítorí òun ni igbà tí akọpẹ àti adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Igbà jẹ́ okùn tó nípọn tí a hun, tí ó yí igi ọ̀pẹ àti ìbàdí ẹni tó ń gùn ún po, tí a sì fi kókó ta á pọ̀. Bí akọpẹ bá fẹ̀yìn tì í, tí ó sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ara igi, ìwúwo ara rẹ̀ ni yóò fún igbà mọ́ èèpo ọ̀pẹ tó rí págunpàgun. Bí ó bá fẹ́ gòkè sí i, yóò sún ara mọ́ igi kí igbà lè dẹ̀, yóò jù ú sókè, yóò sì gbé ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, títí yóò fi dé abẹ́ imọ̀, níbi tí ọwọ́ méjèèjì yóò ti ṣófo fún àdá tàbí fún kèrègbè. Ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni pé okùn náà kì í dẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́: akọpẹ ti fi gbogbo ara lé e, kò sì sí àlàfo tí yóò já bọ́ gbà kí okùn tó gbà á. Ọgbọ́n inú igbà nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni agbára rẹ̀ mọ, nítorí pé bí ó bá já, tàbí tí àdá bá ṣèèṣì gé e, kò sí okùn kejì tí yóò hán ẹni náà. Ìdí nìyẹn tí akọpẹ tó mọ iṣẹ́ fi máa ń fi ọwọ́ tọ gbogbo ara igbà wò, kókó rẹ̀ ní pàtàkì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀.

Ìlànà kan náà ni ó wà nínú bẹ́líìtì aláwọ tí àwọn tó ń gun òpó wáyà ń sán mọ́ ìbàdí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń to irin ilé gogoro ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún kì í sábà so ara wọn mọ́ ohunkóhun. Nínú fọ́tò olókìkí tí a yà ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1932, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ Rockefeller Center ní New York, òṣìṣẹ́ 11 jókòó lórí irin kan ṣoṣo, wọ́n ń jẹun ọ̀sán, ẹsẹ̀ wọn ń fì lófuurufú, kò sì sí okùn lára ẹnì kankan nínú wọn. Lóòótọ́, nítorí ìpolówó ilé náà ni a ṣe ṣètò fọ́tò yìí, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ gidi ni àwọn ọkùnrin náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni afárá Golden Gate ní San Francisco, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1933. Láyé ìgbà náà, ìṣirò àwọn agbaṣẹ́ṣe ni pé ẹ̀mí kan yóò lọ fún mílíọ̀nù dọ́là kọ̀ọ̀kan tí a bá ná, bí ẹni pé ẹ̀mí ènìyàn wà lára sìmẹ́ńtì àti irin, afárá náà yóò sì gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 35. Joseph Strauss, ọ̀gá àwọn ẹnjinníà ibẹ̀, kò gba ìṣirò náà wọlé. Ó pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ máa dé akoto, kí wọ́n máa so okùn mọ́ra, ó sì ní kí a ta àwọ̀n sábẹ́ afárá láti èbúté kan dé èkejì, èyí tí ó ná wọn ní nǹkan bíi 130,000 dọ́là. Àwọ̀n náà fẹ̀ ju afárá lọ ní nǹkan bíi mítà 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá yọ̀ ní etí má baà bọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ 19 ni ó já bọ́ sínú àwọ̀n yìí tí wọn kò kú. Àwọn ni ayé ń pè ní Ẹgbẹ́ Àwọn Tó Dé Agbedeméjì Ọ̀run Àpáàdì. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1937, ẹnì kan péré ni ó tíì kú níbi iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún yẹn ni pèpéle sikáfóòdù kan tí ó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 5 tú kúrò níbi tí a gbé e kọ́. Àwọ̀n tí a ta de ara ènìyàn kò lè gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀: ó fà ya, ọkùnrin 12 sì bá a lọ sínú omi; 10 nínú wọn kú. Nígbà tí afárá ṣí ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, òkú jẹ́ 11 níbi tí ìṣirò àtijọ́ ì bá ti retí 35. Iyì àwọ̀n ni pé kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ òṣìṣẹ́: ẹni tó gbàgbé, ẹni tó ti rẹ̀, ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo wọn ni ó wà fún.

Níbi tí a kò ti lè ta àwọ̀n, bẹ́líìtì ìbàdí àti okùn ni a ń lò, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe tó pẹ́ jù lọ wà. Bí òṣìṣẹ́ tó wúwo tó kílò 100 bá já bọ́ ní mítà 1.8, kò ní ju ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan lọ tí eré rẹ̀ yóò fi tó kìlómítà 21 ní wákàtí kan. Bí okùn tó so ó rọ̀ bá le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dá a dúró láàárín sẹ̀ǹtímítà 10 péré, agbára tí yóò fa ara rẹ̀ yóò tó ìlọ́po 19 ìwúwo rẹ̀, èyí tí ó súnmọ́ tọ́ọ̀nù 2, orí ikùn, ẹ̀dọ̀ àti egungun ẹ̀yìn tí bẹ́líìtì sán mọ́ ni gbogbo rẹ̀ yóò sì dé. Bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni a dá a dúró láàárín mítà kan, kò ní pé ìlọ́po mẹ́ta. Ìṣirò yìí ni ó bí ohun tí ń gba agbára ìjábọ́, èyíinì ni ọ̀já tí a ṣẹ́ léra tí a sì rán pọ̀, tí òwú rẹ̀ máa ń tú ní ìtẹ̀léra bí ènìyàn bá já bọ́. Naílọ́ọ̀nù, tí Wallace Carothers kọ́kọ́ ṣe ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní ọdún 1935, ṣe ìrànwọ́ púpọ̀ níhìn-ín, nítorí pé ó ń nà, kì í sì í tètè jẹrà bí okùn tí a fi ewéko ṣe.

Háánẹ́ẹ̀sì ni ó mú ẹrù kúrò lórí ikùn: ó jẹ́ àkójọ ọ̀já tí ó gba èjìká, àyà àti itan méjèèjì, tí òrùka irin rẹ̀ wà láàárín èjìká méjèèjì lẹ́yìn, tí itan àti ìdí fi ń ru púpọ̀ nínú ìwúwo, tí ẹni tó bá já bọ́ sì ń dúró ní òòró. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 1995, lábẹ́ àjọ ààbò òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní OSHA, ní kí a dáàbò bo òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ láti mítà 1.8 lọ sókè. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1998 ni kò sì ti gba bẹ́líìtì ìbàdí láyè mọ́ fún híhán ènìyàn. Ọjọ́ kan náà ni ó lé ìkọ́ tí kò ní títì kúrò, nítorí irú ìkọ́ bẹ́ẹ̀ lè yí lára òrùka, kí ẹnu rẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀.

Òfin náà ní kí ibi tí a bá so okùn mọ́ lè gba nǹkan bíi kílò 2,268 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àfi bí ẹni tó mọ ìṣirò rẹ̀ bá ṣètò rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Àyè ìsàlẹ̀ ṣe kókó pẹ̀lú, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: okùn gùn ní mítà 1.8, ọ̀já tó ń tú lè fi mítà kan lé e, láti òrùka ẹ̀yìn dé àtẹ́lẹsẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 1.5, ó sì yẹ kí mítà kan ṣẹ́kù, nítorí náà ẹni tó so okùn yìí mọ́ ibi tí kò ga ju mítà 4 lọ yóò ti balẹ̀ kí háánẹ́ẹ̀sì tó ṣiṣẹ́. Bí ibi ìsokọ́ kò bá sì sí lókè orí rẹ̀ gan-an, yóò fì bí agogo, yóò sì lè fi orí gbá ògiri.

Ẹni tí háánẹ́ẹ̀sì ti hán kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu. Bí ó bá rọ̀ láìmira, ẹ̀jẹ̀ yóò máa kó sí ẹsẹ̀, kò ní padà sí ọkàn àti ọpọlọ tó bí ó ti yẹ, ó sì lè kú síbẹ̀. Nítorí náà ètò bí a ó ṣe sọ ọ́ kalẹ̀ kíákíá gbọ́dọ̀ ti wà kí ẹnikẹ́ni tó gòkè.

Ìlànà Iṣẹ́ Òkè ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2005 to gbogbo ọ̀nà ààbò wọ̀nyí ní ìtẹ̀léra: kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá iṣẹ́ náà ṣeé ṣe nílẹ̀, lẹ́yìn náà ohun tó ń dáàbò bo gbogbo ènìyàn, kí háánẹ́ẹ̀sì tó kàn. Ní Nàìjíríà, láti ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká GSM ti dé, ni gígun òpó irin gíga ti di iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, okùn ẹlẹ́ka méjì ni ó sì bá iṣẹ́ náà mu, kí ìkọ́ kan lè wà lára irin nígbà tí a bá ń ṣí èkejì. Lórí sikáfóòdù ọparun tí àwọn bíríkìlà ń dì lókùn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ẹni tó wọ háánẹ́ẹ̀sì níbẹ̀ kò rí ohun tó lè gbé e kọ́, nítorí ọparun tí a fi okùn dì kì í ṣe ibi ìsokọ́, pákó tó tẹ́ dáadáa àti igi ìdábùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ dáàbò bò ó. Níbi tí háánẹ́ẹ̀sì bá ti wúlò, a ó yẹ ọ̀já rẹ̀ wò fún gígé, jíjó àti òwú tó tú kí a tó wọ̀ ọ́. Èyí tó bá ti hán ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, a kì í fi gòkè mọ́, ọ̀bẹ ni a fi ń gé e kí ẹlòmíràn má baà gbé e wọ̀.