Nígbà Tí Oníbèéèrè Kan Ilẹ̀kùn

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àmọ́ ìjọba amúnisìn kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1866, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú, wọ́n ka àwọn ará ìlú, wọ́n sì ní èèyàn 25,083 ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá mọ bí agbo ilé ṣe ń kún nígbà náà, tí ọmọ, ìyekan àti àlejò jọ ń gbé pọ̀, yóò rẹ́rìn-ín sí mẹ́ta tó gbẹ̀yìn iye yẹn.

Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mú ọ̀nà mìíràn wá: wọ́n á yan ìwọ̀nba èèyàn láàárín ọ̀pọ̀, wọ́n á bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà, wọ́n á wá fi ìdáhùn wọn mọ bí ti àwọn yòókù yóò ṣe rí. Ẹ̀ka ìmọ̀ lóríṣiríṣi ló bá ọ̀nà yìí wọ ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ jẹ́ ká fi kòkó bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1951 sí 1952, Galletti, Baldwin àti ọmọ Yorùbá kan, I. O. Dina, ṣe ìwádìí lórí ìdílé àwọn àgbẹ̀ oníkòkó. Wọ́n béèrè iye tó wọlé, iye tó jáde, ilẹ̀ tí ìdílé ń ro àti gbèsè tó wà lọ́rùn wọn. Ìwé tí wọ́n kọ jáde ní 1956, títí di òní ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé sì ń tọ́ka sí i. Ìgbìmọ̀ tó ń ta kòkó Nàìjíríà, tó sì ń dá iye owó tí àgbẹ̀ yóò gbà, ló gbọ́ bùkátà ìwádìí náà. Ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ ló wá ń béèrè èrè tó o jẹ lórí rẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá gbọ́n yóò kọ́kọ́ mikanlẹ̀ kó tó fèsì.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ó kan àwọn oníṣègùn ọpọlọ. Ní 1953, Carothers, dókítà kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń di àìsàn kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà. Ilé ìwòsàn ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ti máa ń wá: wèrè tó ń jà nìkan ni ẹbí ń gbé lọ síbẹ̀, ẹni tó kàn ń sunkún nínú yàrá, tí kò sùn, tí kò jẹun, ọ̀dọ̀ babaláwo tàbí wòlíì ló ń lọ. Báwo ni dókítà yóò ṣe rí i?

Thomas Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Àró ní 1954, tó sì ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, mọ èyí dáadáa. Ní 1961, òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell kó àwọn oníbèéèrè lọ sí Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé ibẹ̀. Wọ́n fi ohun tí wọ́n rí wé ti àgbègbè kan ní Nova Scotia, ní Kánádà, tí wọ́n fún ní orúkọ ìnagijẹ, Stirling. Ìwé wọn jáde ní 1963: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wà nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ó sì pọ̀.

Ní Ìbàdàn ní 1973, ọ̀rọ̀ inú yàrá ni John Caldwell, ará Ọsirélíà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ń bi àwọn obìnrin. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́mú kì í bá ọkọ sùn fún ìgbà pípẹ́, torí ìgbàgbọ́ pé yóò ba wàrà ọmọ jẹ́. Nínú àwọn ìwádìí Nàìjíríà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà ni Caldwell ti fi hàn ní 1979 pé ẹ̀kọ́ ìwé ìyá ń gba ẹ̀mí ọmọ là, kódà níbi tí iṣẹ́ bàbá kò ti yàtọ̀. Àwọn elétò ìlera kárí ayé gba èyí mú. Àmọ́ tó bá di pé ọmọ mélòó lẹ ń fẹ́, ẹnu oníbèéèrè máa ń wọhò. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní 1990, ó lé ní ìdajì àwọn obìnrin tí kò dá iye kankan. Ó dọwọ́ Ọlọ́run. Lójú tèmi, ìdáhùn gidi nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àpótí tí wọ́n lè kọ ọ́ sí.

Ìdíkán n'Íbàdàn ni iṣẹ́ náà ti wá gba làákàyè jù lọ. Ní 1992 ni ikọ̀ dókítà Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé níbẹ̀, wọ́n ń wá àwọn tó ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin, kí wọ́n lè mọ àwọn tí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń bá jà. Ikọ̀ mìíràn, tí dókítà Hendrie ń darí, ń ṣe bákan náà fún àwọn adúláwọ̀ ní ìlú Indianapolis, l'Ámẹ́ríkà.

Báwo lo ṣe máa mọ ọjọ́ orí ìyá àgbà tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀? Wọ́n ní ìwé kan tí onímọ̀ ìtàn J. F. Adé Àjàyí àti Igun ti tò jọ fún ìkànìyàn 1963, tí ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan àti ọdún rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n á bi ìyá náà bóyá wọ́n ti bí i nígbà tí nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀, tàbí bóyá ó ti wọlé ọkọ. Ìbéèrè tó ń dán ọpọlọ wò náà kò jẹ mọ́ ìwé kíkà. Ọ̀dọ̀ àwọn Cree, ọmọ onílẹ̀ Kánádà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é: kí la ń fi hámà ṣe? Níbo ni ọjà àdúgbò wà? Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pe ìbátan rẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á béèrè bóyá màmá ti ń sọnù lójú ọ̀nà.

Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995. Àbájáde tó jáde ní 2001 ya ọ̀pọ̀ dókítà lẹ́nu: nínú 10,000 àgbàlagbà lọ́dún kan, nǹkan bí 135 ni àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú n'Íbàdàn, ní Indianapolis, nǹkan bí 324. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á, bóyá oúnjẹ ni, bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru, bóyá ohun àjogúnbá inú ara.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo ìwé wọ̀nyí. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó dáhùn ìbéèrè ṣì ń gbé ní Ìdíkán, ní àwọn abúlé Ẹ̀gbá àti ní oko kòkó. Kí àwọn yunifásítì wa jọ̀wọ́ tú àbájáde wọn sí Yorùbá, kí wọ́n sì gbé e padà lọ sílé àwọn tó ni ọ̀rọ̀.