Ìjọba Ààrẹ pẹ̀lú Olóòtú Ìjọba

Ètò ìṣèjọba tí ààrẹ àti olóòtú ìjọba ti jọ ń pín agbára lò. Aráàlú ló ń dìbò yan ààrẹ fún iye ọdún tí òfin là sílẹ̀. Olóòtú ìjọba àti àwọn mínísítà ní tiwọn kò lè dúró bí ilé aṣòfin bá kọ̀ wọ́n. Fáransé, tí òfin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1958, ni Sẹ̀nẹ̀gàl àti ọ̀pọ̀ mìíràn wò kọ́ ọ.

Nàìjíríà láàárín 1963 sí 1966 ní ààrẹ, Nnamdi Azikiwe, ó sì ní olóòtú ìjọba, Abubakar Tafawa Balewa. Síbẹ̀, irú èyí kọ́ nìyẹn: aráàlú kọ́ ló yan Azikiwe, ipò rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti oyè lásán.

Nìjẹ̀r ni wàhálà ètò yìí ti hàn gbangba. Mahamane Ousmane di ààrẹ ní 1993, ṣùgbọ́n àwọn alátakò ló borí nínú ìdìbò ilé aṣòfin ní oṣù Kínní 1995, Hama Amadou sì di olóòtú ìjọba. Àgbò méjì wá ń du koto omi kan. Ààrẹ kọ̀ láti darí ìpàdé àwọn mínísítà, iṣẹ́ ìjọba dúró gbagidi, ni Ibrahim Baré Maïnassara, ọ̀gá sójà, bá gbàjọba ní ọjọ́ 27, oṣù Kínní 1996.

Tógò ti kúrò nínú rẹ̀: òfin 2024 kó agbára fún ààrẹ ìgbìmọ̀ mínísítà, ipò tí Faure Gnassingbé gbà ní oṣù Karùn-ún 2025.