Ìpín Agbanisíṣẹ́: Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ fún Owó Pẹ́ńṣàn

Òfin pẹ́ńṣàn Nàìjíríà ti ọdún 2014 kò fi iye tí agbanisíṣẹ́ máa san pamọ́ rárá. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ₦10, ó kéré tán, lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan, kí òṣìṣẹ́ fi ₦8 tirẹ̀ kún un, kí ₦18 náà sì wọ àpò ìfẹ̀yìntì tó wà lórúkọ òṣìṣẹ́. Iléeṣẹ́ aládàáni tó bá ti ní òṣìṣẹ́ 15 sókè kò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Òfin náà kan ilé-ẹ̀kọ́, ilé-ìwòsàn tàbí iléeṣẹ́ kọ́lékọ́lé ní àdúgbò Jahi ní Àbújá tó bá tó bẹ́ẹ̀, bó ṣe kan báńkì ńlá. Ṣùgbọ́n Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Jahi, tó fẹ́ ṣàlàyé òfin yìí fún àbúrò rẹ̀, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wa kò gbé e délé. Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn tó bá yè kooro gbọ́dọ̀ sọ ohun mẹ́ta: ta ló ń san owó, kí ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé lórí, èló sì ni. Èyí tí kò bá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òṣìṣẹ́ ló máa pa lára.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú iye. A máa ń gbọ́ ọ pé agbanisíṣẹ́ ń san “ìdá mẹ́wàá,” òṣìṣẹ́ ń san “ìdá mẹ́jọ.” Lójú ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ìdá mẹ́wàá ni ohun tí à ń san ní ṣọ́ọ̀ṣì: ká pín nǹkan sọ́nà mẹ́wàá, ká mú ọ̀kan. Ìyẹn bá 10 nínú 100 mu. Àmọ́ ìdá mẹ́jọ ni ká pín nǹkan sọ́nà mẹ́jọ, ká mú ọ̀kan. Lórí ₦100,000, ìyẹn já sí ₦12,500, nígbà tí ohun tí òfin sọ jẹ́ ₦8,000. Gbólóhùn kúkúrú yìí ti yí òfin po: ó ti sọ òṣìṣẹ́ di ẹni tó ń san ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Bí a bá fẹ́ lo ìdá, “nínú ọgọ́rùn-ún” kò gbọ́dọ̀ já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kódà, “náírà mẹ́jọ lórí ọgọ́rùn-ún náírà” tún yéni ju ìyẹn lọ, torí owó ni gbogbo wa ń kà lójoojúmọ́.

Ẹni tó ń san ló kàn. “Wọ́n ń yọ owó pẹ́ńṣàn” ló kún ẹnu wa, ₦8,000 òṣìṣẹ́ nìkan ni yíyọ sì bá mu, torí inú owó oṣù rẹ̀ ló ti dín. ₦10,000 ọ̀gá kì í ṣe owó tí wọ́n yọ lára ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń fi í kún un ni, láti inú àpò iléeṣẹ́. Ẹni tó bá ń gbọ́ “yọ” ṣáá lè má mọ̀ pé owó kejì wà, débi tí yóò béèrè rẹ̀. Pípè é ní “ìrànwọ́” kò dára tó, nítorí ẹni tó ń ranni lọ́wọ́ lè dáwọ́ dúró nígbà tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n òfin ní kí owó náà dé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá san owó oṣù, ó sì fi ìtanràn sí i fún ẹni tó bá kọ̀. Èésú náà kò bá a mu, torí ohun tí kálukú dá ló ń kó níbẹ̀. Èmi fara mọ́ “ìpín agbanisíṣẹ́” àti “ìpín òṣìṣẹ́.” Ìpín kò sọ pé ọgbọọgba ni, a sì lè lò ó níbi gbogbo: ní Gánà, agbanisíṣẹ́ ń san 13 nínú 100, òṣìṣẹ́ 5.5, ní ìlú Ọba, iye tó kéré jù jẹ́ 3 fún agbanisíṣẹ́, 5 fún òṣìṣẹ́.

Ohun tí wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé lórí ló ṣòroó sọ jù. “Owó oṣù” kò ṣe é fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí òfin ní iye tí wọ́n máa lò kò gbọ́dọ̀ dín sí àpapọ̀ owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ń gba ₦150,000, tí àwọn mẹ́ta yìí jẹ́ ₦100,000 nínú rẹ̀, agbanisíṣẹ́ lè ṣírò ìpín tirẹ̀ lórí ₦100,000, kó san ₦10,000, kó má sì rú òfin. Tí a bá pe iye yìí ní “owó ìṣirò pẹ́ńṣàn,” kò ní sí pé òṣìṣẹ́ ń retí ₦15,000, kò sì ní sí pé ọ̀gá yọ owó ilé kúrò nínú ìṣirò.

Ẹnìkan lè ní “pẹ́ńṣàn” nìkan ti tó. N kò ní ká jù ú nù, ọ̀rọ̀ wa ni báyìí. Àmọ́ kí òfin ọdún 2004 tó dé, pẹ́ńṣàn òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́ owó tí ìjọba nìkan ń san, òṣìṣẹ́ kì í dá kọ́bọ̀ sí i. Òfin 2004 ló ní kí tọ̀tún-tòsì máa dá 7.5 nínú 100, kí ti 2014 tó gbé ìpín agbanisíṣẹ́ lọ sí 10. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè ya ètò méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹlòmíràn lè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òfin, òun ni PenCom, àjọ tó ń bójú tó pẹ́ńṣàn, fi ń kọ̀wé, àti pé ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni Jahi, níbi tí Haúsá, Ígbò àti Yorùbá ti pàdé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èdè tí ènìyàn fi ń ronú ló fi ń mọ̀ bóyá wọ́n rẹ́ òun jẹ, kó tó wá èdè tí yóò fi pẹjọ́.

Wọ́n tún lè ní àwọn ọ̀rọ̀ yìí gùn jù fún rédíò. Ẹ gbọ́ ọ wò: “Lórí ọgọ́rùn-ún náírà owó ìṣirò pẹ́ńṣàn, ìpín agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ dín ní náírà mẹ́wàá, ìpín òṣìṣẹ́ jẹ́ náírà mẹ́jọ.” Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lè kà á tán kó tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Òṣìṣẹ́ tó bá sì gbọ́ ọ lè mú bírò, kó ṣírò tirẹ̀, kó fi wé ohun tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kó sì mọ iye tó máa lọ béèrè.