Àìsàn Àìlèjẹun: Bí Ẹ̀bi Ṣe Kúrò Lọ́rùn Ìyá

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí oúnjẹ wà nílé, tí owó wà lápò, síbẹ̀ tí aláìsàn kò lè jẹun. Ẹ̀rù sísanra ń bà á bí ó tilẹ̀ ti rù kan eegun, àwọn mìíràn sì ti ipa bẹ́ẹ̀ kú. Àwọn oníṣègùn Faransé ń pè é ní anorexie mentale. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ti pẹ́ nílẹ̀: kí ni ó ń fà á?

Àìsàn náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1689, Richard Morton, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó gbẹ láìní ibà, láìní ikọ́, tí ó sì kú. Ní 1873, Charles Lasègue tẹ ìwé jáde ní Pàríìsì lórí irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kan náà, William Gull ka tirẹ̀ fún àwọn oníṣègùn Lọ́ńdọ̀nù.

Láti ìgbà náà ni ojú ti wà lára ẹbí. Lasègue ṣàpèjúwe bí àwọn ará ilé ti ń bẹ aláìsàn, tí wọ́n sì tún ń halẹ̀ mọ́ ọn. Gull ní àwọn ẹbí kọ́ ni ó yẹ kí ó máa tọ́jú rẹ̀. Jean-Martin Charcot, ní ilé ìwòsàn Salpêtrière, fi dandan lé e pé kí a yà á kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi dé àárín, ìyá gan-an ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń nàka sí. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ṣebí àwa náà ni a máa ń wí pé ọmọ tí ó dára ni ti bàbá, èyí tí kò dára ni ti ìyá. Bí ọmọ ti ń kú lọ lójú ìyá, bẹ́ẹ̀ ni a tún ń di ẹ̀bi rù ú.

Àwọn ìbejì ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yí padà. Àwọn ìbejì kan ti inú ẹyin kan ṣoṣo tí ó pín sí méjì wá. Ohun kan náà ni wọ́n jogún. Àwọn mìíràn ti inú ẹyin méjì wá. Wọn kò jọra ju tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìwà òbí nìkan ni ó ń fa àìsàn náà, kò yẹ kí oríṣi méjèèjì yàtọ̀, nítorí abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n dàgbà sí. Ní 1984, Anthony Holland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwádìí wọn jáde. Nínú ìbejì obìnrin ẹlẹ́yin kan 16, àwọn 9 ni àìsàn náà ti mú àwọn méjèèjì. Nínú ẹlẹ́yin méjì 14, ẹyọ 1 péré ni. Iye wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e náà fi hàn pé àjogúnbá ní ọwọ́ ńlá nínú rẹ̀.

Ní 2019, àwọn onímọ̀ tí ó lé ní 100, tí Cynthia Bulik wà lára àwọn aṣáájú wọn, fi àwọn jíìnì, èyíinì ni àmì àjogúnbá inú ara, ti aláìsàn 16,992 wé ti ènìyàn 55,525 mìíràn. Ibi 8 ni wọ́n ti rí ìyàtọ̀ tí ó dájú. Wọ́n sì rí i pé kì í ṣe ọ̀ràn ọkàn nìkan: ó tan mọ́ bí ara ti ń lo ṣúgà àti ọ̀rá. Kò sí jíìnì kan tí ó ń dá a fà. Wọ́n pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Ewu ni à ń jogún, a kì í jogún àìsàn náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ojú ń rí láyé ní ipa tirẹ̀. Bákan náà, àwọn tí ìran wọn ti Yúróòpù wá ni a yẹ̀ wò ní 2019, kì í ṣe ìran tiwa. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà tí Gull ti ní kí ẹbí yàgò, láti àwọn ọdún 1980 ni a ti ń pe òbí padà sídìí ìtọ́jú, kí wọ́n máa bọ́ ọmọ wọn títí ara rẹ̀ yóò fi mókun. Bí a bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa, kí a má ṣe wá ẹlẹ́bi. Kí a wá oníṣègùn, kí a sì fi ìyá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.