Láti Bẹẹrẹ dé Páànù, Títí Kan Òrùlé Ọlọ́dà: Ìtàn Ohun Tó Bo Ilé Wa

 

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀tan Ayégbajú nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí, ilé wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ilé tí bàbá wa kọ́ ti ń jò. Páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, ìṣó ti jẹ ihò, bẹ́ẹ̀ ìyá wa ṣì ń gbé inú ẹ̀. Nígbà tí àwa ọmọ ṣèpàdé lórí fóònù, àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní òun á sanwó òrùlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe páànù mọ́ o. Irú èyí tó wà lórí ilé tòun lọ́hùn-ún ló fẹ́, shingles, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú bíi ti ojú títì ṣe, tí wọ́n wá da òkúta wẹ́wẹ́ lé lórí. Ẹ̀gbọ́n wa ní páànù ni bàbá lò, páànù náà la máa lò. Wọ́n ní kí èmi tí mo wà nítòsí ilé sọ èyí tó dáa. Kí n tó dáhùn, mo ní kí n kọ́kọ́ wo bí páànù fúnra rẹ̀ ṣe dé orí ilé wa, torí òun náà, àlejò ló jẹ́.

Kí páànù tó dé, koríko tàbí ewé ni Yorùbá fi ń bolé. Ní apá ọ̀dàn, bẹẹrẹ ni. Ní apá igbó, ewé gbòdògì ni. Samuel Johnson sọ ọ́ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí wọn ò tẹ̀ jáde títí di 1921. Ní Ọ̀yọ́, koríko yìí ní ọdún tirẹ̀, ìyẹn ọdún Bẹẹrẹ, tí àwọn ènìyàn máa ń ru bẹẹrẹ wá sí ààfin kí wọ́n fi tún òrùlé Aláàfin ṣe. Ẹni tó ru koríko wá fún ọba, ńṣe ló ń fi hàn pé abẹ́ ọba lòun wà. Kọ̀bì tó máa ń yọ síwájú lára ilé ńkọ́? Ti ọba ni. Olówó yòówù kó o jẹ́, o ò gbọdọ̀ kọ́ kọ̀bì sílé ara rẹ. Ẹ ò rí i pé ọjọ́ ti pẹ́ tí òrùlé ti ń sọ irú ẹni tó ń gbé abẹ́ rẹ̀.

Òrùlé koríko tutù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó nínú ahéré lọ́sàn-án oṣù Kejì mọ ohun tí mò ń sọ. Kì í náni lówó púpọ̀ pẹ̀lú, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, onílé á sì wá oúnjẹ àti ẹmu fún àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé láàárín ọdún díẹ̀, ó ti rà, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àléébù kejì ló wá burú jù: iná.

Agbo ilé so mọ́ra wọn nígbà náà. Iná ìdáná kan ṣoṣo, nínú ọyẹ́, lè jó àdúgbò kan tán kí wọ́n tó pọnmi dé. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi ń ṣe àjà. Wọ́n á to igi sórí yàrá, wọ́n á fi amọ̀ rẹ́ ẹ, kó lè jẹ́ pé bí koríko bá jóná lókè, ẹrù inú yàrá á yè. Tó bá sì jẹ́ àrá ló sán tó fi jó, ẹjọ́ di méjì. Àwọn oníṣàǹgó á dé, ẹni tí ilé rẹ̀ jó á tún wá owó ètùtù.

Ẹ wá fi ogun kún un. Ẹ má gbàgbé ibi tí ìlú wa wà nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ibùdó Ìbàdàn wà lápá Ìgbájọ, ti Èkìtì Parapọ̀ wà lápá Ìmẹ̀sí-Ilé, àwa sì rèé nítòsí wọn. Nínú ìwé àdéhùn àlàáfíà ti 1886, wọ́n dárúkọ ìlú mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ wọn le: Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ kúrò. Síbẹ̀ ó di 1893 kí Gómìnà Carter tó tú àwọn ọmọ ogun ká. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko! Ẹni tó bá sùn sábẹ́ koríko ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, tí ọ̀tá sì lè fi ògùṣọ̀ kan ṣoṣo ba gbogbo ilé rẹ̀ jẹ́, tó bá gbọ́ pé irin kan wà tí kì í jóná, kò ní béèrè bóyá ó ń mú ooru.

Irin náà ti wà nílùú òyìnbó tipẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. 1829 ni Henry Robinson Palmer, ẹnjiníà kan ní ebúté London, gbàwé àṣẹ lórí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ bí ìgbì omi. Ìgbì yẹn kì í ṣe fún ẹwà o, òun ló ń jẹ́ kí irin tín-ín-rín lágbára, kó má wọ́ láàárín. Ní 1837, Stanislas Sorel, ará Faransé, rí ọ̀nà láti ri irin bọ inú síǹkì yíyọ́ kó má tètè dípẹtà. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń so àṣeyọrí méjèèjì pọ̀ ni páànù jáde.

Èkó ló kọ́kọ́ gbà á ní tiwa, ibi tí iná ti jó àdúgbò léraléra. Ojú irin ló wá gbé e wọ inú ilẹ̀. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907. Láti ibẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wa, kí mọ́tò tó pọ̀, orí ènìyàn ló kù. Mo máa ń fojú inú wo aláàárù tó ru ìdì páànù gun òkè wa, tí afẹ́fẹ́ ń tì í síbí sọ́hùn-ún.

Ilé ìjọsìn, ààfin àtàwọn oníṣòwò ńlá ló kọ́kọ́ máa ń ní in. Kòkó ló wá sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Nígbà ogun Hitler, páànù wọ́n bí ojú, torí ogun ti gba gbogbo irin. Lẹ́yìn ogun, owó kòkó gòkè, ẹni tó bá ta kòkó dáadáa, ohun àkọ́kọ́ tó máa rò ni páànù. Ní January 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn, àwọn ilé ẹ̀kọ́ tuntun sì ń yọ káàkiri, páànù lórí wọn. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Ghana náà ń fowó ránṣẹ́ sílé láti fi kọ́lé. Àwọn kan fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé wọ́n ń kọ́lé tí wọn ò gbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn àlejò jáde ní òpin 1969, ẹni tó ti kan páànù sílé ló ríbi forí pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun méjì tí páànù ṣe tí a kì í sábà sọ. Àkọ́kọ́, ó tú agbo ilé ká. Koríko lè tẹ̀ yí igun, ó lè gbé agbo ilé ńlá yípo. Páànù ò mọ̀ ju kó lọ tààrà. Ilé gbọọrọ, igun mẹ́rin, ló bá a mu, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń rà á. Ọ̀wẹ̀ lọ, káfíńtà dé. Ọmọ tó bá rówó á kọ́ tirẹ̀ sọ́tọ̀. Èmi ò sọ pé páànù nìkan ló fà á, owó kòkó àti ilé ìwé wà níbẹ̀, àmọ́ ọwọ́ páànù wà nínú ẹ̀ dáadáa.

Èkejì ni omi. Omi tó bá ti ara koríko ṣàn wá máa ń pọ́n bí omi àgbo. Ti páànù mọ́. Ẹ bi àwọn ìyá yín: tí òjò bá ti ṣú, ta ló ń sáré gbé garawa àti dúrọ́ọ̀mù sídìí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀? Àwa ọmọ ni! Òjò kan tó dáa lè gba ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ ìrìnàjò odò fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ilé wa títí di òní, omi òjò ni ìyá wa fi ń fọṣọ, òun náà ló fi ń se ẹ̀wà, ó ní omi kànga kì í jẹ́ kó tètè rọ̀.

Ó wá ku òrùlé ọlọ́dà ti àbúrò mi. Ọmọ Amẹ́ríkà ni lóòótọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ní Grand Rapids, ìpínlẹ̀ Michigan, Henry Reynolds bẹ̀rẹ̀ sí í gé bébà tí wọ́n ti rì sínú ọ̀dà sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n lè tò ó léra bí ìpẹ́ ẹja. Ó bá ilẹ̀ wọn mu. Pákó ni wọ́n fi ń kọ́lé, pákó pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ó sì rọrùn láti kàn. Kì í pariwo tí òjò bá ń rọ̀, èyí wù mí o, torí ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ni nínú kíláàsì onípáànù mọ̀ pé tí òjò bá dé, iṣẹ́ parí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Òrùlé yìí ò lè dá dúró, ó gbọ́dọ̀ ní pákó tàbí plywood lábẹ́ rẹ̀ kárí gbogbo orí ilé. Níbí, pákó ti wọ́n, ikán sì ń dúró dè é. Ó wúwo: ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan náà, ó lè wúwo ju aluminium lọ ní ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ògiri ilé bàbá wa, bíríkì amọ̀ ni. Oòrùn tiwa máa ń gbẹ ọ̀dà, òkúta wẹ́wẹ́ orí rẹ̀ á máa já bọ́ sínú omi, mi ò sì ní fi irú omi bẹ́ẹ̀ se ẹ̀wà fún ìyá mi. Tí ìjì oṣù Kẹta bá ṣí díẹ̀ nínú rẹ̀, káfíńtà wo la máa pè? Ibo la ti máa rí irú ẹ̀ rà?

Àwọn kan á ní ṣebí èyí tó kún ìlú ńlá báyìí náà ní òkúta lára. Rárá, ìyẹn yàtọ̀. Irin ló wà nínú ìyẹn, wọ́n kàn lẹ òkúta mọ́ ọn lára ni, New Zealand ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀. Páànù ni, aṣọ ló pààrọ̀. Asbestos tí ayé gbé gẹ̀gẹ̀ nígbà kan, tó tutù tí kì í pariwo, ẹ ti gbọ́ ohun tó ń ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró. Tẹ́ ẹ bá ní in lórí ilé, ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má fọ́ ọ.

Mi ò ní purọ́ fún páànù náà. Ó ń mú ooru, pàápàá tó bá ti dípẹtà. Èyí tí wọ́n ń tà báyìí tín-ín-rín ju tàtijọ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá lọ ra páànù onírin, ẹ rántí pé nọ́ńbà gauge tó bá pọ̀ jù ló fẹ́lẹ́ jù. Ti aluminium, mílímítà ni kẹ́ ẹ béèrè, 0.55 lágbára ju 0.45 lọ. Ẹ mú ohun ìwọ̀n dání lọ sọ́jà, ẹ wọ̀n ọ́n lójú ẹni tó ń tà á. Wọ́n ti fi 0.40 ta mí rí ní orúkọ 0.45.

Ohun tí mo sọ fún wọn nílé nìyí: aluminium 0.55, ká fi irin de ẹkẹ́ mọ́ ògiri kí ìjì má gbé e, ká lo ìṣó onírọ́bà. Owó tí àbúrò mi fẹ́ fi ra pákó àti shingles, ká fi ṣe sílíǹ tó dáa, ká fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ lókè rẹ̀. Àjà àwọn baba wa náà la tún ń ṣe yẹn. Kí ìyókù ra gọ́tà àti tánkì.

Àbúrò mi ò kọ́kọ́ gbà. Ó ní kí n fún òun lọ́jọ́ méjì. Ìgbà tó pè padà, ìyá wa ló ní kí n gbé fóònù fún. Ohun tí màmá sì bi í ò ju ẹyọ kan lọ: tánkì yẹn, báwo ló ṣe máa tóbi tó?