Ẹjọ́ Eléyín Gan-n-gan

Àwọn àgbà ní kì í ṣe ẹjọ́ eléyín gan-n-gan, òrìṣà ló ṣe é tí kò fi awọ bò ó. Ẹ̀rín ni òwe yìí sábà máa ń pa ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí a bá tú u wò fínnífínní, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tó wúwo gan-an ni. Ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n mú ẹnìkan wá síwájú àgbà pé ẹnu rẹ̀ kò rí bí ẹnu ẹgbẹ́ rẹ̀. Àgbà dá a láre, ó sì na ọwọ́ sí ẹni tó mọ ọ́n: ìwọ lo ṣe é, awọ kò sì wọ́n ọ tí o kò fi bò ó. Ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kò torí ẹ̀ kọ òrìṣà sílẹ̀ o. Bí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ bá pé, yóò tún pọn omi àárọ̀ lọ sójúbọ.

Òrìṣà tí òwe náà ń bá wí kò fara sin. Ọbàtálá Alámọ̀rere ni, ẹni tí ìgbàgbọ́ Yorùbá sọ pé Olódùmarè gbé iṣẹ́ mímọ ara ènìyàn lé lọ́wọ́, tí Olódùmarè fúnra rẹ̀ yóò wá fi èémí sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣàdúrà fún aláboyún pé kí òrìṣà ya ọnà ire kò ó. Ìtàn tí púpọ̀ nínú wa gbọ́ ni pé Ọbàtálá mu ẹmu yó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àwọn tó mọ lọ́jọ́ náà sì jáde pẹ̀lú iké lẹ́yìn, ẹsẹ̀ tó ká, ara tó funfun ju ti ẹgbẹ́ lọ. Wọ́n ní nítorí ẹ̀ ni àwọn olùsìn rẹ̀ kì í fi í fẹnu kan ẹmu títí dòní.

Mo ti gbọ́ oníwàásù tó fi ìtàn yìí ṣe yẹ̀yẹ́ pé irú ọlọ́run wo ló ń mutí yó lẹ́nu iṣẹ́. Kò rí ibi tí ìtàn náà ń lọ. Bí àṣìṣe bá wà nínú ìkòkò, ọwọ́ amọ̀kòkò ni wọ́n ní kí á wò. Òrìṣà náà sì gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé àfín, abuké, arọ àti aràrá ni wọ́n ń pè ní ẹni òrìṣà. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣẹ̀sín, onílé ló ń bá jà. Bọ́lájí Ìdòwú, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì tó padà di Pátíríákì ìjọ náà ní Nàìjíríà, sọ̀rọ̀ wọn nínú ìwé rẹ̀, Olódùmarè, tó jáde ní 1962, kò sì fi ohùn ẹlẹ́yà sọ ọ́.

N kò ní purọ́ fún ìran wa o. Láàárín àwọn àgbà yìí kan náà, àwọn kan ní èèwọ̀ tí òbí jẹ ló ń fa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kìlọ̀ fún aláboyún kó má rìn lóòrùn ọ̀sán gangan, kí ìwin má baà gbé ọmọ rẹ̀ lọ kó sì fi tirẹ̀ síbẹ̀. Títí dòní, ẹ ó rí obìnrin tó kàwé gboyè, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, tí píìnì wà létí aṣọ oyún rẹ̀ nítorí ìwin yẹn. A sì ti gbọ́ ìròyìn àwọn tó ń pa abuké nítorí oògùn owó. Ọ̀wọ̀ àti ìbẹ̀rù ti ń bá ara wọn gbé nínú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí àgbà jókòó tó fẹ́ fi òwe dájọ́, ọ̀dọ̀ òrìṣà ló dá ẹjọ́ náà sí.

Lónìí, ìyá ni wọ́n ń mú. Wọ́n kúkú ti ní ọmọ tó dára ni ti bàbá, èyí tí kò dára ni ti ìyá. Ẹ lọ sí ìṣọ́ òru kan kí ẹ wò ó. Ìyá pọn ọmọ ọdún mẹ́rin wá. Ọrùn ọmọ náà kò gbé orí, nítorí náà ó fi ìborùn gbá a mọ́ra kí orí má baà máa já sẹ́yìn. Itọ́ ti rin èjìká bùláòsì rẹ̀. Bó ṣe kúnlẹ̀, wòlíì kò bi í bóyá ọmọ ń jẹun, bóyá ó ń sùn. Ohun tó bi í ni pé, “Ìyá ọmọ yìí, kí lẹ ṣe nígbà tí ẹ wà lọ́mọge? Ẹ jẹ́wọ́.” Bí kò bá rí nǹkan jẹ́wọ́, ó lè kan ìyá ọkọ rẹ̀ pé òun ni àjẹ́ tó dì í lẹ́sẹ̀, ó sì lè kan ẹ̀gún ìdílé. Àwọn ààfáà kan náà kò gbẹ́yìn, hàǹtú ni tiwọn, owó náà sì ń lọ.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìwé tí wọ́n gbé lọ́wọ́ kò gbè wọ́n. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní òwe eyín tiwọn, pé èso kíkan tí bàbá jẹ ni eyín ọmọ ń jìyà rẹ̀. Ní ìgbà ìgbèkùn Bábílónì ni òwe náà gbòde, nínú orí 18 ìwé Ìsíkíẹ́lì sì ni Ọlọ́run ti ní kí wọ́n má pa á mọ́. Ẹ gbé òwe eyín méjèèjì síra wọn. Tiwọn ti ọ̀ràn bàbá sí ọmọ lọ́rùn títí Ọlọ́run fi fagi lé e. Tiwa ti dá eléyín láre kí ìwé kankan tó dé.

Orí 9 ìwé Jòhánù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú, wọ́n sì béèrè ìbéèrè wòlíì wa: òun ló ṣẹ̀ ni, àbí àwọn òbí rẹ̀? Jésù ní kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó fi po amọ̀, ó fi pa á lójú, ó ní kó lọ wẹ̀ ní adágún Sílóámù. Yorùbá tó bá mọ Alámọ̀rere kò ní ṣàì kíyè sí amọ̀ yẹn. Lóòótọ́, ìdáhùn tó fi kún un, pé kí iṣẹ́ Ọlọ́run lè hàn lára ọkùnrin náà ni, kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn pátápátá, nítorí ọmọ ènìyàn kì í ṣe pátákó ìpolówó. Àmọ́ ó gbé ojú àwọn ọmọ ẹ̀yìn kúrò lára àná, ó gbé e sórí ohun tó kù tí wọ́n lè ṣe. Ìyókù orí náà ni oníwàásù kì í sábà dé. Lẹ́yìn tí ojú ọkùnrin náà là tán, àwọn Farisí ṣì sọ fún un pé inú ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n bí i sí, wọ́n sì lé e síta. Àwọn òbí rẹ̀ kò lè gbè é, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ara ti dá, ẹjọ́ ò tán.

Àwọn mùsùlùmí pẹ̀lú mọ ìtàn Abdullah ibn Umm Maktum, afọ́jú tó wá bá Ànábì nígbà tó ń bá àwọn ọlọ́lá Mẹ́kà sọ̀rọ̀. Ànábì fajú ro sí i, Sura 80 ló sọ̀kalẹ̀ lórí ẹ̀, ìbáwí sì ni. Afọ́jú yìí ló padà di ọ̀kan nínú àwọn tó ń pe ìrun ní Mẹ̀dínà, tí Ànábì sì máa ń fi ìlú sílẹ̀ fún nígbà tó bá rìnrìn àjò. Kò sẹ́ni tó ní kó kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Ó wá ku ibi tí òwe wa kò dé. Ó dá ẹjọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò kọ́ wa bí a ṣe ń wádìí. Ẹni tó bá ní òrìṣà ló ṣe é, tó wá ká ọwọ́ gbera, á ti nǹkan tí ọwọ́ ènìyàn ṣe sí òrìṣà lọ́rùn. Ẹ wo ibà pọ́njú ọmọ tuntun. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ni, funfun ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè. Ẹ̀jẹ̀ tó gbó ló ń fọ́ lára rẹ̀, tó ń tú ohun tí wọ́n ń pè ní bilirubin jáde, ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò sì tíì gbó tó láti kó o dànù. Bó bá pọ̀ jù, inú ọpọlọ ló ń wọ̀ sí, ó ń ba ibi tó ń darí iṣan àti ibi tí etí fi ń gbọ́ràn jẹ́. Ó léwu gan-an fún àwọn tí èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Wọ́n pọ̀ láàárín wa, pàápàá àwọn ọmọkùnrin. Káńfọ̀ róbótó tí a ń fi lé aáyán nínú àpótí aṣọ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa fọ́ wìtìwìtì. Ìyá àgbà á kó aṣọ tó ti wà pẹ̀lú káńfọ̀ láti ìgbà ọmọ àkọ́kọ́ jáde, wọ́n á fi wọ ọmọ tuntun. Ojú ọmọ á pọ́n, wọ́n á ní kí wọ́n máa gbé e sóòrùn àárọ̀, kí wọ́n máa fún un ní omi glúkóòsì. Nílé ìwòsàn, iná aláwọ̀ búlúù ni wọ́n á tàn sí i lára. Bó bá le, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá pẹ́, ọmọ lè yè é, àmọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọrùn kò gbé orí, ẹsẹ̀ ń gan, etí kò gbọ́. Cerebral palsy ni àwọn dókítà ń pe irú àìlera bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá wòlíì lọ. Ọbàtálá kò mọ nǹkan kan nípa káńfọ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ la lè dènà. Jérôme Lejeune, dókítà ará Faransé, fi han ayé ní 1959 pé krómósóómù kan tó lé lára ìkọkànlélógún ló ń fa Down syndrome: 47 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì wọn dípò 46. Kò sí ohun tí ìyá jẹ tàbí tí kò jẹ tó fa èyí. Kátólíìkì paraku ni Lejeune, ó sì fi ìyókù ayé rẹ̀ tọ́jú irú àwọn ọmọ náà. Ti rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ yàtọ̀, òun ṣeé dènà. Ní 2003, àwọn aṣáájú ẹ̀sìn kan lápá Àríwá ní kí wọ́n má gba àjẹsára, Kano dá a dúró, àrùn náà sì tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Nígbà tí àwọn ọba àti ààfáà fúnra wọn wá ń gbà á láyè, ọ̀nà là, wọ́n sì kéde ní August 2020 pé ẹ̀yà àrùn náà tí wọ́n ń pè ní wild polio ti kúrò ní Áfíríkà.

Bí ẹnìkan bá ṣì ń bi mí pé kí ni ìgbàgbọ́ wúlò fún nínú gbogbo èyí, Andrew Foster ni mo máa ń darúkọ. Ọmọ adúláwọ̀ Alabama ni, àrùn yírùnyírùn di í létí ní ọmọ ọdún 11. Òun ni adití adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Amẹ́ríkà, ní 1954. Ìhìn rere ló gbé wá sí Áfíríkà ní 1957, àmọ́ ilé ìwé ló ń kọ́ kiri: Ghana lákọ̀ọ́kọ́, kó tó dé Ìbàdàn, títí ó fi lé ní ọgbọ̀n. Ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní Rwanda ní 1987.

Nílé wa níbí, òfin lórí àwọn aláàbọ̀ ara tí ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní January 2019 ti fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún 5 kí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé. Ọdún 5 náà ti pé. Nítorí náà, ẹ̀yin wòlíì, ẹ̀yin ààfáà, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ọmọ tuntun tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó má sun ìṣọ́ òru. Ẹ kó káńfọ̀ kúrò láàárín aṣọ ọmọ. Ẹ wó àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ìjọ àti mọ́sálásí yín, kí ẹ ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gùn. Ẹ má sì bi ìyá náà mọ́ pé kí ló ṣe.