Ìtàn Èdè-Ìperí fún Wíwá Ọ̀pá àti Wáyà Abẹ́ Ilẹ̀ ní Àgbègbè Àpápá àti Kírìkírì

Ní Kírìkírì, láti èbúté tí ọkọ̀ epo ń gúnlẹ̀ sí ni ọ̀pá ti ń gbé epo lọ sínú àwọn àgbá ńláńlá. Ọ̀pá omi ẹ̀rọ àti wáyà iná náà ní ọ̀nà tiwọn nínú ilẹ̀ àbàtà yìí kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ ní láti kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó wà nísàlẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí èdè Yorùbá ní fún ìbéèrè náà, àti ibi tí wọ́n ti wá, ni iṣẹ́ yìí dá lé.

Wáyà ni ó kọ́kọ́ dé. Ní 1886 ni wáyà abẹ́ òkun dé Èkó, orúkọ okùn náà sì di orúkọ iṣẹ́ tí a fi ń rán an, tí àwọn àgbà fi ń sọ pé àwọn tẹ wáyà sí ènìyàn. Nígbà tí iná ẹlẹ́tíríìkì dé Èkó kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, ọ̀rọ̀ yìí náà ni a fi pe okùn rẹ̀. Páìpù gbilẹ̀ ní tirẹ̀ ní àwọn ọdún 1910, nígbà tí omi Ìjú ń wọ ìlú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyálò yìí kò lé ọ̀pá lọ. Títí di òní, “ọ̀pá epo” ni àwọn oníròyìn ń wí nígbà tí ọ̀kan bá bẹ́. (Ọ̀pá tí babaláwo ń gbé lọ́wọ́ kò ní ihò nínú, síbẹ̀ kò sí ẹni tí èyí dà láàmú.) Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé ojú ni ó sọ gbogbo nǹkan wọ̀nyí lórúkọ, kí a tó rì wọ́n mọ́lẹ̀. Kò sí èyí tí ó sọ ohunkóhun nípa pípamọ́ wọn.

Ẹ̀rọ tí ń wá ohun tí ó pamọ́ ni ó mú ìṣòro dé. Ní 1881, Alexander Graham Bell fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá ọta ìbọn nínú ara Garfield, Ààrẹ Amẹ́ríkà, kò sì rí i. Irin tí ó wà nínú bẹ́ẹ̀dì aláìsàn náà wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ òpìtàn ka ìkùnà yìí sí. Bí ọ̀ràn ẹ̀rọ òde òní ti rí nìyẹn. Kì í rí ọ̀pá rárá. Agbára òòfà tí ó yí wáyà ká nígbà tí iná bá ń kọjá nínú rẹ̀ ni ó ń gbọ́. Bí iná ìjọba bá ń ṣiṣẹ́, yóò gbọ́ èyí tí ń yí padà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kò bá sí, òṣìṣẹ́ yóò ti iná tirẹ̀ sínú ọ̀pá náà. Ọ̀pá oníke kò ní gbé iná yẹn, nítorí náà ẹ̀rọ yóò dákẹ́. Iná sì lè fò sórí wáyà mìíràn tí ó wà nítòsí, kí ẹ̀rọ wá tọ́ka sí ibi tí kì í ṣe. Rédà tí ń yẹ inú ilẹ̀ wò kò sì lágbára nínú amọ̀ tí omi iyọ̀ ti rin.

Bí a bá tẹ̀lé ìlànà tí ó bí “amóhùnmáwòrán”, ó rọrùn láti pe ẹ̀rọ yìí ní “arínú-ilẹ̀”. Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 kò ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó dá lé. Àkọlé PAS 128, tí British Standards Institution tẹ̀ jáde ní 2014, wúlò jù: ó ya iṣẹ́ mẹ́ta sọ́tọ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún wọn. “Ìfura” ni ti ẹ̀rọ tí ó gbọ́ pé nǹkan wà. “Ìtọ́kabi” ni sísọ ibi tí ó wà. “Ìmúdájú” ni fífi ọwọ́ gbẹ́ kòtò títí ojú yóò fi rí i. A lè fi “ìtọpa” kún un fún títẹ̀lé ọ̀pá kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. “Atọpa” ni orúkọ tí ó tọ́ sí ẹ̀rọ náà, nítorí ọdẹ tí ń tọpa ẹran kò tíì sọ pé òun ti rí ẹran.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, katapílà tí ń ṣe ọ̀nà ní Ìjẹ̀gún, ní Èkó, bẹ́ ọ̀pá epo lábẹ́ ilẹ̀. Iná sọ, Red Cross sì sọ pé àwọn tí ó kú tó 100.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, “jíjìn”. Àárín ọ̀pá ni ẹ̀rọ máa ń wọn jíjìn dé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni ṣọ́bìrì yóò kọ́kọ́ bá. Fún ọ̀pá tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 300, ìyàtọ̀ náà tó 150. “Jíjìn dé àárín” àti “jíjìn dé ẹ̀yìn” ni ó yẹ kí a máa kọ sílẹ̀, kí a má sì fi ọ̀kan dípò èkejì.